Ṣé ìgbéyàwó ló ń sọ ọkùnrin di àgbà?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 29 ni mí, ilé bàbá mi ni mò ń gbé ní Ìbàdàn. Èmi ni àkọ́bí. Mo wọ yunifásítì ní 2017, mo jáde, mo sin ìjọba, mo sì ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé aládàáni kan báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin kò lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́, ó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù lọ́mọ ọdún 21, ó ti gbéyàwó, ó sì ti bímọ méjì. Bí ìpàdé ẹbí bá dé, òun ni wọ́n ń bi pé kí ló rò, èmi ni wọ́n ń rán pé kí n lọ ra mọ́ọ̀tì wá. Bàbá mi ṣì ń bi mí níbi tí mò ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yá owó, kí n gba ilé, kí n ṣègbéyàwó, pé ọjọ́ yẹn ni wọn yóò kà mí sí èèyàn. Mo ní àfẹ́sọ́nà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò tíì tó o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń sọ èèyàn di àgbà gan-an?"

Ọmọ mi, ohun tó o béèrè lọ́tọ̀, ohun tó ń dùn ọ́ lọ́tọ̀. O béèrè ohun tó ń sọ èèyàn di àgbà, ṣùgbọ́n mọ́ọ̀tì tí wọ́n rán ọ lójú àbúrò rẹ ló mú ọ kọ lẹ́tà yìí. Mi ò fojú kéré ìyẹn. Bí wọ́n bá ń fi àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n nínú ilé Yorùbá, ọ̀rọ̀ ti wọ egungun. Màá gbìyànjú láti dáhùn méjèèjì, màá sì sọ èrò mi lórí owó tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o yá, torí ibẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tó o kọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò nílẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gbà kí ẹni tó bá ti pé ọdún 18 dìbò, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 náà sì fi 18 ṣe ààlà. Síbẹ̀, bí ẹni tí kò tíì pé 21 bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó alákọsílẹ̀, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò aṣojú-ṣòfin ní Abuja gbọ́dọ̀ ti pé 25, láti ìgbà tí wọ́n ti yí òfin padà ní 2018. Ti ààrẹ jẹ́ 35. Àwọn oníṣègùn náà ní apá ibi tí ọpọlọ ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò kí ọwọ́ tó ṣe é ṣì ń gbó lọ títí èèyàn fi kọjá ọmọ ogún ọdún dáadáa. O rí i pé àwọn tó ń ṣòfin gan-an kò fẹnu kò sí ọjọ́ kan. Bó ti wù kó rí, lójú òfin, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó o ti dàgbà. Bí o bá fẹ́ kó jáde lọ́la, kò sí ẹni tó lè dá ọ dúró.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láàmú ni èrò pé ẹni tó ṣì ń gbé nílé bàbá rẹ̀ ọmọdé ni. Èrò yìí kò ti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa wá. Nínú agbo ilé àtijọ́, bí ọkùnrin bá gbéyàwó, inú agbo ilé bàbá rẹ̀ náà ló ń mú un wá. Yàrá ni wọ́n ń yọ fún un. Baálé ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn, àti ẹni tó ti bímọ márùn-ún, àti ẹni tí kò tíì láya. Ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, bàbá á sì gé ilẹ̀ díẹ̀ fún un tí yóò máa ro fún ara rẹ̀ nígbà tó bá ti ṣe ti bàbá tán. Orí ilẹ̀ kékeré yẹn ló ti ń kọ́ bí a ti ń ní ohun tiẹni. Nígbà tó bá tó aya fẹ́, bàbá àti ẹbí ló ń wá owó orí, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń retí kí ọmọ ọdún 25 dá ilé gbà, kó dá ìyàwó fẹ́, kó tún dá bọ́ àlejò ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ohun tí wọ́n ń wò lára ọkùnrin nígbà náà wà níbòmíràn. Bí ó bá ti ní àna, yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún wọn: wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á kọ ebè. Iye àwọn tó bá a wá ni àna ń fojú kà, torí pé ẹni tí kì í bá ẹgbẹ́ lọ sí ọ̀wẹ̀ tiwọn kò ní rí ẹni bá a lọ sí tirẹ̀. Ìjẹ̀bú ṣì ní régbérégbé títí dòní. Ọdún tí a bí èèyàn ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ tí yóò wọ̀, Awùjalẹ̀ ló sì ń fún ẹgbẹ́ lórúkọ. Àwọn tó ń wọ aṣọ kan náà jáde ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo ayé ń wo fọ́tò wọn, àwọn náà ló ń dáwó ṣe iṣẹ́ ìlú. Ẹwà aṣọ yẹn là ń rí. Owó tí wọ́n dá àti ìpàdé tí wọ́n jókòó sí kò sí nínú fọ́tò.

Ní ti ìránṣẹ́, má jẹ́ kó bà ọ́ nínú jẹ́ jù. Nílẹ̀ wa, kò sí ọjọ́ tí èèyàn dàgbà tán. Mo ti rí ẹni ọgọ́ta ọdún tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Èmi fúnra mi, bí mo bá fẹ́ pa òwe lójú ẹni tó jù mí lọ, màá kọ́kọ́ ní "tótó ó ṣe bí òwe o", mo sì ti ní ọmọ-ọmọ. Bí o bá ń dúró de ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán ọ níṣẹ́ mọ́, wàá dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n o jàre níbì kan: àṣà wa kò ní kí ẹ̀gbọ́n dìde kí àbúrò jókòó. Bí ẹbí rẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìfura, nǹkan kan wà tí wọ́n rí lára àbúrò rẹ tí wọn kò tíì rí lára rẹ.

O rò pé ìyàwó ni nǹkan náà. Èmi rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìyàwó tó dé. Ronú sí ohun tí ojú ọmọ yẹn ti rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, tí wọ́n kọ ìwé àdéhùn, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó ń gbálẹ̀, tó ń ka sípánà. Bí ọ̀kan bá sọnù, òun ni yóò wá a. Bí ó bá de nọ́ọ̀tì kan tí kò le, tí ọkọ̀ oníbàárà dákú lójú ọ̀nà, òun ni ọ̀gá ń mú dání lọ bẹ oníbàárà. Kó tó pé ogún ọdún, àwọn àgbàlagbà ti ń gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi gbogbo owó wọn rà sí iwájú rẹ̀, wọ́n ń bi í pé, "Kí ni ká ṣe sí i?" Ó ti kọ́ láti sọ pé, "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà, kò sí lọ́wọ́ mi." Ìyẹn gan-an ṣòroó sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, tí ọ̀gá gbàdúrà, tí wọ́n ya fọ́tò, ohun tó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n ń jẹ́rìí sí. Nítorí náà, nígbà tí ẹbí bá ní kí ó sọ tirẹ̀, ó ti mọ bí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè tí owó àti ìyà wà nínú rẹ̀.

Ìwọ ní tìrẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tó kàn fún èèyàn. Ìwé ìdánwò jáde, o kọ ọ́. Àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ jáde, o tẹ̀ lé e. Nínú àwọn ọdún yẹn kan náà, bí yunifásítì ìjọba lo lọ, ìyanṣẹ́lódì ọdún 2020 jẹ bí oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 jẹ oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá, ìwọ sì jókòó sílé, o ń dúró de ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò sọ. O jáde, o sin ìjọba, o bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni kò sì san tó bẹ́ẹ̀ fún tíṣà wọn. Ẹni tó bá ń bi ọ́ pé ṣebí bàbá rẹ ti kọ́lé nígbà tó tó ọ, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé èló ni àpò sìmẹ́ńtì kan nígbà náà. Ẹ̀bi rẹ kọ́ nìyẹn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sí ọ lọ́rùn.

Síbẹ̀, màá bá ọ sọ òótọ́ bí mo ti ń bá ọmọ tèmi sọ ọ́. Lẹ́tà rẹ kún fún ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ àti ohun tí wọn kò ṣe fún ọ. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó wà ní ìkáwọ́ rẹ nínú ilé yẹn. Ta ló ń ra iná sí mítà? Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá bàjẹ́, ta ló ń pe ẹni tó ń tún un ṣe, tó ń dúró tì í títí tó fi parí? Ta ló mọ orúkọ oògùn tí bàbá rẹ ń lò, tó sì mọ ọjọ́ tó máa tán? Ó lè jẹ́ pé ìwọ ni, tó o sì gbàgbé láti kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìwọ kọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ́fíìsì wẹ́fíà ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn bàbá tó ti lé ní ogójì ọdún ti jókòó níwájú tábìlì mi, ìyàwó ń sunkún pé kò sí owó oúnjẹ, ọkọ sì ń ní kí n jẹ́ kí òun pe ìyá òun wá, pé ìyá òun ló mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Mo tún rántí ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún. Ìyá rẹ̀ ti kú, wọn kò rí bàbá rẹ̀ mọ́, ẹbí sì fẹ́ pín àwọn àbúrò rẹ̀ káàkiri. Ó wá bá mi pẹ̀lú ìwé kékeré kan, ó ti kọ iye tó ń rí nínú búrẹ́dì tó ń tà, iye tí wọ́n ń jẹ lọ́sẹ̀, àti orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó lè gbà wọ́n sílé papọ̀. Ó mọ ohun tí apá rẹ̀ ká, ó mọ ibi tí kò ká, ó sì wá béèrè ìrànlọ́wọ́ ní ibi tí kò ká. Àwọn bàbá yẹn ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ, àwọn kan nínú wọn nílé tara wọn. Ọmọbìnrin yẹn kò ní ọ̀kan nínú wọn. Láti inú irú nǹkan báyìí ni mo ti gbà pé èèyàn ń di àgbà láti ọjọ́ tó bá ti gbà pé bí nǹkan yìí bá bàjẹ́, èmi ni kí wọ́n bi, tí kò sì wá ọrùn ẹlòmíràn tí yóò gbé e kọ́. Ìgbéyàwó máa ń fún èèyàn ní àǹfààní láti ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kà á sí. Ṣùgbọ́n kò lè bá ọ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó yíyá wá kàn. Bí o bá fẹ́ gba ilé kékeré, onílé yóò gba owó ọdún kan, òmíràn á ní méjì; ajẹ́ǹtì yóò gba tirẹ̀, wọ́n á tún gba owó agírímẹ́ǹtì. O kò tíì ra bẹ́ẹ̀dì, o kò tíì dé ìdána, o kò tíì dé aṣọ ẹbí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń sọ nípa àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù, mo bẹ̀ ọ́, sá fún wọn. Èlé wọn ga, ọjọ́ tí wọ́n ń dá kúrú, bí owó bá sì pẹ́, àwọn kan nínú wọn máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù èèyàn pé gbájúẹ̀ ni. Àwọn ẹbí tó o fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ, orí fóònù rẹ ni nọ́ńbà wọn wà. Mo ti parí ìjà fún àwọn tọkọtaya tí ohun tó dá ìjà wọn sílẹ̀ jẹ́ gbèsè ìgbéyàwó tí ọkọ fi pa mọ́ fún ìyàwó. Kì í ṣe gbogbo gbèsè ló burú o. Bí ilé ìwé yín bá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó o ti ń dá owó síbẹ̀, tí wọ́n sì yá ọ ní iye tí owó oṣù rẹ lè san láìfi ebi pa ọ́, ìyẹn yàtọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbèsè lè ra ọjọ́ kan fún ọ. Ọjọ́ kejì rẹ̀, bí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí, ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ ni wọ́n ṣì máa mọ̀. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Bí o bá lè fi owó tìrẹ gba yàrá kan, láìyá, kí o tó gbéyàwó, mi ò ní dá ọ dúró. Ó máa ń ṣe àwọn mìíràn lóore, wọ́n á tètè mọ iye tí gáàsì ń gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó kó jáde, tí wọ́n sì ń padà wá gba owó lọ́wọ́ ìyá wọn kí oṣù tó parí. Bí owó rẹ bá wà bí mo ti rò ó, èmi ì bá dúró nílé bàbá mi fún ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró bí mo ti wà tẹ́lẹ̀. Mú ohun kan nínú ilé, ohun kan péré, kí o sọ ọ́ di tìrẹ. Bí ó bá jẹ́ owó iná, kó má ṣẹlẹ̀ láé pé wọ́n rán ọ létí. Má kéde rẹ̀. Bí oṣù kan bá wà tí kò ní ṣeé ṣe, sọ fún wọn kí iná tó tán.

Ohun kejì tóbi ju ìyẹn lọ, mi ò sì mọ̀ bóyá o ti rò ó. Ìwọ ni Dáwódù. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ bá lọ, a ò ní rí láìpẹ́, lọ́dọ̀ rẹ ni gbogbo wọn yóò wá, títí kan àbúrò rẹ yẹn. Bí bàbá kò bá kọ ìwé ìhágún, ilé náà yóò di ti gbogbo ọmọ lábẹ́ àṣà wa. Ìwọ ni olórí, ṣùgbọ́n o kò lè dá a tà. Ọ̀pọ̀ Dáwódù ni mo ti rí tí kò mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, tí kò mọ àwọn tí bàbá wọn jẹ lówó tàbí tó jẹ bàbá wọn lówó, tí àwọn ará ìta sì fi àìmọ̀ yẹn tú ilé. Wá àárọ̀ kan tí ara bàbá rẹ balẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí i, kí o sọ pé o fẹ́ kí ó máa fi àwọn nǹkan hàn ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí o lè máa bá a tọ́jú wọn. Má ṣe é nínú ìpàdé, má sì fi ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ń bẹ̀rù pé yóò rò pé ikú rẹ̀ lò ń retí, jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tàbí àbúrò rẹ̀ kan bá ọ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ní ti bíbéèrè ibi tí ò ń lọ, ẹnu rẹ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà mi ò lè dá bàbá rẹ lẹ́bi tàbí kí n dá a láre. Ayé tí wọ́n ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà la wà, ọ̀pọ̀ bàbá kì í sùn títí géètì yóò fi dún. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, sọ ibi tí ò ń lọ àti ìgbà tí wàá dé kó tó béèrè, wàá rí i pé ìbéèrè á dínkù. Bó bá jẹ́ pé ó ń gba owó oṣù rẹ lọ́wọ́ rẹ ni, tàbí ó ń nà ọ́, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ìbéèrè lásán. Má ka ìmọ̀ràn mi pé kí o dúró kún mọ́. Wá ibi tí wàá forí pamọ́ sí.

Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin ló kọ lẹ́tà yìí, apá kan nínú ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀. Àwọn onílé kan kì í fún obìnrin tí kò lọ́kọ ní yàrá, ọ̀pọ̀ ẹbí sì wà tí ọmọbìnrin ń bọ́ wọn, tó ń san owó ilé ìwé àwọn àbúrò, tí wọn kò sì pè é jókòó nítorí pé kò tíì relé ọkọ. Fún wọn, mímú nǹkan ilé ní ìkáwọ́ kò tó, torí pé wọ́n ti ń ṣe é. Mi ò tíì ní ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ìyẹn.

Ó ku àfẹ́sọ́nà rẹ, tó o mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan péré. Kó tó di pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tún jókòó sọ̀rọ̀ owó, ìwọ àti òun ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ kọ iye tó ń wọlé fún ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀, kí o sì bi í pé irú ìgbéyàwó wo ló fẹ́. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé òun náà kò fẹ́ gbọ̀ngàn ńlá. Ìdána nínú ọgbà ilé wọn, pẹ̀lú ẹbí àti àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀, ìgbéyàwó ni lójú gbogbo Yorùbá. Bí ẹ bá ti mọ iye tí ẹ lè kó jọ àti oṣù tí yóò pé, ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ sọ fún bàbá rẹ, kó lè mọ ìgbà tí yóò kó àwọn àgbà lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wọn.